Asẹ́ Èéfín Ọkọ̀ Mi àti Ọjọ́ Tí Mo Kú Lójú Ọ̀nà Sávàlú

Mo ti kú rí. Ojú ọ̀nà tó ti Bantẹ̀ lọ sí Sávàlú ni mo kú sí, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn dáadáa. Kó tó di ọ̀sán, mo ti jẹ iyán ní Sávàlú, mo fi ẹran ewúrẹ́ tì í, mo sì fi wàrà lé e. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó sunkún mi, wọ́n ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n òkú kì í ṣàdédé kú. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní ìdí, ìdí ọ̀rọ̀ tèmi sì wà lábẹ́ ọkọ̀.

Ṣakí ni wọ́n ti bí mi, ní Nàìjíríà. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ìkarùn-ún ló kà mí tì, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ìwé mi yìí ti wọ́, ẹ fi ojú yín tọ́ ọ. Iṣu ni mo wá rà ní Bantẹ̀, lódìkejì ẹnubodè. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé kí ọjọ́ ọjà tó kò, màá ti dé. Irun mi dúdú nígbà yẹn. Bí ẹ bá bi mí lónìí, mi ò tíì ra iṣu náà tán.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni ẹnu. Mo ti rò pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ, kò ní í ṣòro. Ìṣà ni wọ́n ń sọ ní Bantẹ̀, ó jọ tiwa bí àbúrò ṣe ń jọ ẹ̀gbọ́n: ojú kan náà, ìwà ọ̀tọ̀. Bí mo bá la ẹnu, àwọn ọmọdé á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá la ẹnu, èmi á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó láàárín àwọn àna. Mo dé Sávàlú, Màhí ni wọ́n fi kí mi. Mo dé ọ́fíìsì, Faransé ni. Orí ni mo ń mì títí ọrùn mi fi le bíi ti akọ màlúù. Ọkùnrin kan bá mi sọ̀rọ̀ gígùn lọ́jọ́ kan, mo mi orí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló gbé ọkọ́ wá bá mi nílé, àṣé ebè iṣu ni mo gbà láti bá a kọ. Mo sì kọ ọ́. Ebè tí mo kọ lọ́jọ́ náà ga débi pé àwọn ẹyẹ ń sinmi lórí rẹ̀ kí wọ́n tó máa bá ìrìnàjò wọn lọ.

Ìkejì ni dídúró. Ní ọ̀nà yìí, awakọ̀ kì í kọjá ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè. Kì í ṣe tìtorí owó o. Ẹni náà lè má lọ síbì kankan. Ó lè fẹ́ mọ̀ bóyá àna rẹ̀ ní Gúkà ti bímọ, ó lè fẹ́ kí o bá òun fún ẹnì kan ní adìẹ kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ láti Bantẹ̀ lọ sí Sávàlú, kí a tó dé, mo ti mọ ẹni tí inú ń run, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ sá lọ, àti ẹni tó jí ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé. Inú bí mi. Nílé tiwa, awakọ̀ tó bá dúró báyẹn, èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ nínú igbó.

Mo ru iṣu, mo ta epo inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo tún ta kajú, èyí tí à ń pè ní kaṣú nílé. Iṣẹ́ kò pa mí. Ohun tó fẹ́ pa mí ni ìrọ̀lẹ́. Nírọ̀lẹ́, àwọn ìyá á máa pe àwọn ọmọ wọn wálé jẹun, orúkọ á máa fò káàkiri àdúgbò bí ẹyẹlé, kò sì sí èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Mo máa ń jókòó síwájú yàrá tí mo háyà, mo máa ń díbọ́n bí ẹni tó ń wo bàtà rẹ̀. Onílé mi, Ìyá Filomẹ́nì, opó ni, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó jáde sẹ́nu ọ̀nà tó ké pé, "Filomẹ́nì, Kọfí, Bàbá Ṣakí, ẹ wá jẹun." Ó da orúkọ mi mọ́ tàwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ata ló bọ́ sí mi lójú. Ata kan kò sí nítòsí.

Nígbà tó yá, mo ra ọkọ̀. Ọkọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì ni, láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹni tó tà á fún mi ní ìyá arúgbó òyìnbó kan ló fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo tòkunbọ̀ tí mo ti rí láyé mi, ìyá arúgbó yẹn ló ni wọ́n, a jẹ́ pé ìyá náà gbàdúrà púpọ̀.

Ohun tó ya ọkọ̀ mi sọ́tọ̀ ni pé kì í rú èéfín. Asẹ́ kan wà nínú páìpù tó gba abẹ́ rẹ̀ jáde sẹ́yìn, àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní fápù. Èéfín dúdú tí ẹ́ńjìnì bá tú, asẹ́ yìí á gbé e mì. Atẹ́gùn lásán ló ń jáde nídìí ọkọ̀. Mo máa ń ki áńkáṣíìfù funfun bọ ihò rẹ̀ lójú àwọn èrò, bó bá jáde, á funfun ju bó ṣe wọlé lọ. Àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni oníbàárà mi pàtàkì. Àwọn wọ̀nyí kì í wọ bàtà, sùtánà wọn kì í sì í ní àbàwọ́n, ọkọ̀ tó bá tú èéfín sí wọn lára ti sọ wọ́n di aláró. Ọkọ̀ tèmi nìkan ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ìsìn ní Sávàlú. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n mo ti mọ gbogbo orin wọn, mo máa ń gbè é.

Ìyá Filomẹ́nì náà fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní í sọ ọ́. Ẹ̀bá títì níwájú ilé ló ń sá gbodo rẹ̀ sí, iṣu tó bó, tó bọ̀, tó ń gbẹ lórí ẹní, funfun báláú. Ibẹ̀ náà ni mo ń gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ awakọ̀ kan tí wọ́n ti gé asẹ́ rẹ̀ kúrò dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbodo ọjọ́ náà dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ tó ṣa nínú rẹ̀ fi yé ẹyin dúdú. Mo rí ẹyin náà. Ìyá Filomẹ́nì pe awakọ̀ yẹn ní gbogbo orúkọ tí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́, ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá Ṣakí, ọjọ́ tí tìẹ bá bì sórí gbodo mi báyìí, ìwọ àti ọkọ̀ ẹ, Sávàlú lẹ ó sùn."

Mo ní, "Ìyá Filomẹ́nì, tèmi kì í bì."

Àfi bí iná kan ṣe tàn níwájú mi nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, iná pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rí bí àpótí tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí. Mo fi bébà dúdú bò ó. Mo rò pé bí n kò bá rí i, kò sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbára ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kù díẹ̀ kí a wọ Sávàlú, ọkọ̀ ń rákò. Ìyá àgbàlagbà kan tó ru iṣu kọjá wa, ó dúró, ó wẹ̀yìn.

"Bàbá, ṣé kí n dúró dè yín?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tinú mi kọ́.

Mo gbé e lọ bá Kòjó. Ará Sávàlú ni Kòjó, Màhí ni, mẹkáníìkì tó ń kọ́ èébú Yorùbá lọ́dọ̀ mi. Ó yọ bébà dúdú mi kúrò, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde.

"Bàbá, fápù ti yó. Ó ti gbé èéfín mì títí, kò ríbi gbé e sí mọ́. Ẹ́ńjìnì ò lè mí."

"Kí la ó ṣe?"

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ayùn. "A ó gé e. Gbogbo ọkọ̀ tí mo gé tiwọn ń sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn."

Ìyá ìjọ kan wà níbẹ̀ nínú sùtánà, ó ń dúró kí n gbé òun padà sí Bantẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ayùn.

"Bàbá Ṣakí," ó ní, "bí ẹ bá gé e, a ó máa rántí yín nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ la ó máa fi rìn."

"Ìyá Ìjọ, ọ̀nà jìn."

"Ọ̀run ló jìn. A ó sì débẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun."

Mo wo ayùn, mo wo aṣọ. Bí mo bá gé asẹ́, mo pàdánù àwọn èrò mi, Ìyá Filomẹ́nì á sì kó ẹrù mi síta. Bí n kò bá gé e, ẹ́ńjìnì á kú, èmi á sì padà sídìí epo inú ìgò pẹ̀lú ewú lórí. Mo bi Kòjó bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ó họ orí. "Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣe é."

"Kí ni mi ò lè ṣe? Mo ti kọ ebè rí."

"Asẹ́ yẹn, bó bá gbóná gidi, á jó gbogbo èéfín tó gbé mì, á di eérú, á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sáré, kí ẹ́ńjìnì máa ké, láti Bantẹ̀ títí dé Sávàlú, láì dúró. Bí ẹ bá dúró, ó ti tutù nìyẹn. Ẹ̀yin sì rèé, Bàbá, ewúrẹ́ gan-an, ẹ máa ń dúró kí i. Ìdúró yẹn náà ló dí asẹ́ náà lọ́fun."

Mo ní ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀, mo búra. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá juwọ́, màá wo iwájú. Mo jáde ní Bantẹ̀, ẹ́ńjìnì ń ké, mo di sítíárìn mú bí ẹni tó di ìwo màlúù mú. Bàbá kan tó ní ẹyẹ awó méjì lápẹ̀rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Mo kọjá. Mo wo dígí ẹ̀yìn: bàbá náà ṣì gbé ọwọ́ sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ìdí ọkọ̀ mi bí ẹni tí wọ́n gbà létí. Mo mọ bàbá yẹn. Nígbà tí ibà mú mi, òun ló gbé ewé wá. Ẹsẹ̀ mi kan bíréèkì, kì í ṣe èmi ni mo rán an. Mo fi rìfáàsì padà lọ bá a.

"Mo rò pé o ti di ọlọ́lá," ó ní.

"Ọkọ̀ ló ń sáré, Bàbá, kì í ṣe èmi."

Lẹ́yìn ìyẹn, kí la tún ń dúró fún? Mo dúró fún gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé Sávàlú, awó wà lẹ́yìn, iṣu wà lórí, mo sì jíṣẹ́ àna mẹ́ta fún ara wọn. Iná náà kò kú, ó ti wá ń ṣẹ́jú. Kòjó ní bó bá ti ń ṣẹ́jú, ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, ayùn tàbí ikú ẹ́ńjìnì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń pè mí láti Ṣakí. Òun nìkan ló kù fún mi, èmi nìkan ló kù fún un nínú ọmọ ìyá wa.

"Àbúrò, ìgbà wo lò ń bọ̀ nílé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé. Ọkọ̀ ni kò yá."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó gbé èéfín mì, kò rí i bì."

"Gé nǹkan ọ̀hún dànù. Gbogbo ènìyàn ló ń gé e níbí."

"Gbodo onílé mi ńkọ́?"

Ó pòṣé. Òṣé yẹn kọjá ẹnubodè láì san owó kọ́sítọ́ọ̀mù. "Onílé. Ilé bàbá rẹ wà níbí, o lọ ń pe ẹlòmíràn ní onílé. Bí o bá kú síbẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ẹnì kan kú? Wọ́n á tì ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí iṣu tó rà. Ta ni yóò sunkún rẹ? Awó?"

Mo rẹ́rìn-ín fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó ti gé fóònù, mo jókòó, mo ń wo bàtà mi bíi ti àtijọ́.

Mo ro ọ̀rọ̀ asẹ́ yẹn. Ẹni tó bá wà ní ìlú onílùú, asẹ́ ni. Wọ́n á fi ẹnu rẹ ṣẹ̀fẹ̀, o gbé e mì. Wọ́n á ní gbogbo ará Nàìjíríà ni oníjìbìtì, wọ́n á ní àwàdà ni, o gbé e mì, o tún bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ mọ́, kò ta bá aṣọ ẹnikẹ́ni. Mo mọ àwọn kan nínú wa tí wọ́n ti gé tiwọn. Ara wọn yá gágá, wọ́n ń sáré, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu, gbogbo ilé á dúdú, wọ́n ń bú onílé, wọ́n ń bú ìlú, wọ́n ń bú omi tí wọ́n ń mu. N kò fẹ́ dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí ènìyàn ti lè sáré títí kí ara rẹ̀ jó tiẹ̀ dànù. Ṣakí ni mo rò pé ó jẹ́, bí mo bá lọ fún Iléyá. Mo ti lọ. Ìgbà tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Faransé.

Ibi ìsìnkú kan ní abúlé Koko ni ọgbọ́n ti wọ̀ mí nínú. Mo rí ọkọ̀ tó gbé òkú bọ̀, wọ́n so màrìwò mọ́ ọn níwájú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé. Ọkọ̀ tó bá ti so màrìwò, kò sẹ́ni tó ń dá a dúró, kò sẹ́ni tó ń juwọ́ sí i. Àwọn ènìyàn á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ṣí fìlà. Mo ki ọwọ́ bọ irùngbọ̀n mi, mo rẹ́rìn-ín. Arúgbó kan tó jókòó tì mí ní kí ni mo ń rẹ́rìn-ín sí níbi òkú. Mo ní òkú náà ló sọ nǹkan kan fún mi.

Mo pe Kòjó wá sí Bantẹ̀. Ìyá Filomẹ́nì ti lọ sí oko kajú rẹ̀ ní Akpasí láti àárọ̀. A so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀ lẹ́yìn ìlú, níbi tí kò sí ojú.

Kòjó ní, "Ta ló máa wà á?"

"Ìwọ ni. Bí wọ́n bá rí ojú mi, wọ́n á pè mí lórúkọ. Bí wọ́n bá sì pè mí lórúkọ, màá dúró. O mọ ẹsẹ̀ mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ni màá sùn sí."

Mo nà gbalaja sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Oòrùn ń gún mi lójú, mo wá fa aṣọ funfun tí Ìyá Filomẹ́nì fi ń bo gbodo, tó gbàgbé sínú ọkọ̀, mo fi bo ara mi láti orí dé ẹsẹ̀. Kòjó wo màrìwò, ó wo aṣọ, ó ní, "Bàbá, èyí ò dára o." Mo ní kó tẹ iná mọ́ ọn.

Ọmọ náà sáré. Ẹ́ńjìnì ké bí ẹlẹ́dẹ̀ ọjọ́ ọdún. Mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo gbọ́ tí ọwọ́ àwọn ènìyàn kò lù mọ́ ara ọkọ̀. Kòjó ń ròyìn fún mi láti iwájú: "Wọ́n ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá kan kúnlẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ojú ọ̀nà ṣí fìlà." Láyé mi, ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ ìjọba kò ṣí fìlà fún mi rí. Mo gbádùn rẹ̀. Mo ṣe bí òkú tó tọ́ sí i. Nígbà tí a gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Sávàlú, tí ọkọ̀ sì gùn ún bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, Kòjó ní, "Bàbá, iná ti kú."

Mo dìde jókòó. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì létí títì rí òkú tó dìde, ó gbé igbá búrẹ́dì rẹ̀ sá wọ ilé onílé. A kò tilẹ̀ bojú wò ó. Iná kú lóòótọ́. A lọ jẹ iyán, ìyẹn ni mo sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni ojú àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ Bàbá Ṣakí ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Màrìwò wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe Bàbá Ṣakí ló ń wà á. Ẹnì kan sì nà sẹ́yìn lábẹ́ aṣọ funfun, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ta ni kó jẹ́? Ọlọ́kadà gbé ìròyìn náà padà sí Bantẹ̀ kí iyán tó kan ọ̀fun mi. Ará Nàìjíríà kan tó ń ta epo níbẹ̀ pe Ṣakí. Fóònù tèmi wà nílé, mo fi í sínú iná mànàmáná. Ó ń dún, ó ń dún, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé fóònù òkú?

Èmi àti Kòjó ń bọ̀ ní tiwa, ọkọ̀ ń fò fẹ̀rẹ̀. Èmi ló ń wà á báyìí, mo ń jẹ ẹ̀pà. A ti gbàgbé màrìwò. Mo rí i pé kò sí ẹni tó juwọ́ kí n dúró, mo rò pé bóyá wọ́n ti gbọ́ pé ọkọ̀ mi kò fẹ́ ìdúró. Mo ń juwọ́ sí wọn. Bàbá tó ni ẹyẹ awó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ, títí di òní ló ń bú mi lórí ọkọ́ yẹn.

Nígbà tí a dé ojú ilé, èrò ti kún abẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí títì, wọ́n ń jiyàn, ọkọ̀ mi kò sì pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ wa. Mo pa á. Mo jókòó, mo tẹ́tí.

Ará Nàìjíríà tó ń ta epo ní, "Ṣakí la ó gbé e lọ. Ibẹ̀ làwọn ènìyàn rẹ̀ wà."

Ẹnì kan láti mọ́ṣáláṣí ní, "Ọ̀nà jìn. Mùsùlùmí ni, kò yẹ kí oòrùn wọ̀ bá a lókè."

Ìyá Ìjọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn aláṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Ibi yòówù kí ẹ sin ín sí, a ó kọrin. Ó mọ orin wa ju àwọn mìíràn nínú wa lọ."

Nígbà náà ni Ìyá Filomẹ́nì sọ̀rọ̀. Aṣọ oko ló ṣì wọ̀, ohùn rẹ̀ ti há. "Ẹ̀yìn ilé mi níbí la ó sin ín sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí Ṣakí, kó mú ẹni tó ń pè é jẹun níbẹ̀ wá kí n rí i."

Bàbá kan ní, "Ìyá Filomẹ́nì, àlejò ni ọkùnrin náà."

"Àlejò wo? Ẹni tí mo ti bá jà láàárọ̀, tí mo tún bá jà nírọ̀lẹ́, ṣé àlejò nìyẹn? Àlejò la ń dákẹ́ fún."

Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí mo ti ń ṣe. Kò lọ. Mo wúkọ́.

Gbogbo wọn yíjú. Mo jókòó sídìí sítíárìn pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́, màrìwò wà níwájú mi. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o."

Ìdajì wọn sá. Ará mọ́ṣáláṣí náà ń ka nǹkan. Ìyá Ìjọ gbé orin sókè, orin àjíǹde ni, mo sì fẹ́ gbè é nítorí ó ti mọ́ mi lára. Ìyá Filomẹ́nì kò sá. Ó rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó já màrìwò kúrò níwájú ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nà mí. Ó nà mí ní èjìká, ó nà mí ní ẹ̀yìn, ó ń sunkún, ó ń bú mi, ó ní aṣọ gbodo òun dà. Kòjó ti wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ní òun ń wo nǹkan kan.

Fóònù ń dún nínú yàrá. Filomẹ́nì fi ìpẹ̀kun ìka méjì gbé e wá fún mi.

"Ta nìyí?" ohùn ẹ̀gbọ́n mi ló jáde, ó ti fọ́.

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ ta?"

"Àbúrò yín."

"Àbúrò mi ti kú."

"Ó ti dé. Ọkọ̀ ló gbé lọ sáré."

Ó bú mi, èébú tí a jọ gbọ́ lẹ́nu ìyá wa, ó ka gbogbo rẹ̀ tán láì fo ìkankan. Nígbà tó sinmi, ó bi mí pé, "Ariwo kí ni mò ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ń jà."

"Lórí kí ni?"

"Lórí ibi tí wọ́n máa sin mí sí."

"Wọ́n ń jà?" ó ní. "Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn. Àwọn Mùsùlùmí, àwọn aláṣọ funfun, onílé mi. Onílé mi ló ń borí."

Ó ní, "Gbé fóònù fún obìnrin náà."

Mo gbé e fún un. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, nítorí Ìyá Filomẹ́nì gbé e wọ ilé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì, lórí mi. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá pè ní Jímọ̀, Ìyá Filomẹ́nì ló kọ́kọ́ máa ń ní kí n gbé fóònù fún. Kò béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀ nílé mọ́. Ohun tó ń béèrè ni bóyá mo ti jẹun.

Asẹ́ náà ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ mi. Kòjó ti so ayùn rẹ̀ kọ́. Ní gbogbo ìgbà tí iná náà bá tàn, mo máa sọ fún Ìyá Filomẹ́nì, òun á sì rán ọ̀rọ̀ síwájú lójú ọ̀nà pé kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró. Èmi fúnra mi ni mò ń wà á, n kò so màrìwò, n kò bo ojú. Bí wọ́n bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnì ń ké bọ̀, wọ́n á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, awó lápẹ̀rẹ̀, iṣu lórí, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo máa ń gbọ́ wọn bí mo ṣe ń kọjá, wọ́n á ní, "Òkú ń lọ o." Èmi náà á juwọ́ sí wọn títí màá fi dé Sávàlú.